Ẹyin Tí Màmá Ràfí Ń Sè ní Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ sìn wá dé pápákọ̀ bàálù, ẹ ní kí olúkúlùkù wa sọ bí ìrìn náà ṣe rí fún un. Àwọn tó lọ́rọ̀ lẹ́nu jù mí lọ ti sọ tiwọn nínú ìpàdé. Tèmi kò ṣeé sọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gé e kúrú. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Àwa mọ́kànlá la kúrò ní Leeds: dókítà mẹ́rin, nọ́ọ̀sì márùn-ún, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ àwòrán egungun ṣe, àti èmi. Èmi nìkan ni n kò ní dìgírì. Girama ni mo kà mọ, ní Kàbà. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún ni pé mo ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ, mo ń dì í sínú aṣọ, mo sì ń sè é nínú ẹ̀rọ títí kòkòrò kankan kò fi ní ṣẹ́kù lára rẹ̀. Bí mo bá ṣe é dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu.

Dókítà Adéwùmí tó kó wa jọ ló sọ pé irú iṣẹ́ mi gan-an ni ilé nílò, pé dókítà pọ̀ nílé ju ẹni tó lè bá wọn se irinṣẹ́ lọ. Mo gbà á gbọ́. Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún níbi iṣẹ́.

Dídé

Ọyẹ́ bo gbogbo Àbújá nígbà tí a balẹ̀. A kò rí òkè kankan, a kàn rí ibi tí òkè yẹ kó wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ ìwé ìrìn-àjò wò kí mi ní sànnu, ó sì bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mo wá. Mo ní ilé ni mo wá. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ ti ìlú òyìnbó, ó tún wò mí. Nígbà tí mo dárúkọ Kàbà, ara rẹ̀ yá. Ọmọ Mọ́pà ni. Ló bá yí i sí ohùn ilé wa. Mo dá a lóhùn títí mo fi dé orí ọ̀rọ̀ kan tó kọ̀ láti jáde. Ó dúró dè mí. Nígbà tó rí i pé kò ní jáde, ó bá mi sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fa ìyá arúgbó kọjá gọ́tà. Ẹni àádọ́ta ọdún àti mẹ́ta ni mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Fìlà funfun ni gbogbo wa dé, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé a padà wá tún ilé ṣe. Awakọ̀ tó wá gbé wa ka fìlà náà dáadáa kó tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wá tún Nàìjíríà ṣe?"

Dókítà Adéwùmí rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọjọ́ mélòó lẹ dá fún un, sà?"

Dókítà ní mẹ́tàdínlógún.

Awakọ̀ ronú sí i. "Ó tó," ó ní. "Mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá gbogbo ayé, òun ò sì ní dìgírì."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi wọ títì. Ní tèmi, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni kí n wà tàbí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó dé fìlà. Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e lé orí itan mi.

Durumi

Ilé àlejò kan ní Durumi la dé sí. Ìyá tó ni ín jẹ́ ọmọ Ẹ̀kìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Yorùbá ló fi ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Bí inú bá bí i, ó di Ẹ̀kìtì pọ́nńbélé. Bó bá ń bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀, ó di Hausa, ó di yauwa, ó di kai. Gbogbo èdè yìí ń ti ẹnu kan ṣoṣo jáde láìkọsẹ̀, èmi tí mo gbọ́ méjì péré ni mò ń kọsẹ̀.

Másà ló fún wa jẹ ní àárọ̀ àkọ́kọ́, àkàrà ìrẹsì funfun tó kan díẹ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú ọbẹ̀ elégédé. Mo jẹ márùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa fọwọ́ kan ọ̀kan, ó béèrè irú omi tí wọ́n fi pò ó. Ìyá onílé ní omi tó tutù ni. Lẹ́yìn náà ló gbé kúnú, omi ọkà mímu, wá fún mi, atalẹ̀ inú rẹ̀ ń ta ọ̀fun bí ẹ̀sùn, ó sì ní kí n má dá àwọn yòókù lóhùn.

Ara mi kò balẹ̀. Mo tú àpótí mi, mo tò ó, mo tún tú u. Mo jáde rìn ní àdúgbò kí oòrùn tó mú, gbogbo ẹni tí mo pàdé ló sì ti mọ̀ pé àlejò ni mí kí n tó lanu. Mo bi ìyá kan tó ń bó ọsàn pé kí ló fi mọ̀. Ó ní ìrìn mi ni. "Ẹ ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé, ọyẹ́ sì la wà." Mo gbìyànjú láti rìn pẹ̀lẹ́ padà sílé. Kò pé ìdajì ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi tún fi ń yára.

Yàrá ìkòkò

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n pín wa sí. Yàrá tí wọ́n ti ń se irinṣẹ́ wà lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ abẹ, fèrèsé kan ló ní. Ẹ̀rọ ìsè náà dúró láàárín rẹ̀ bí àgbá irin tó dùbúlẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn ribiti. Ọ́tókíléèfù ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn dókítà. Màmá Ràfí ń pè é ní ìkòkò.

Màmá Ràfí ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ Ìsánlú ni, Mùsùlùmí, ó fi bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Nígbà tó gbọ́ pé Kàbà ni mo ti wá, ó nu àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó, ó ní ọmọ ilé ni wọ́n wá rán sí òun, òun ti rò pé òyìnbó ni. Ó fi gbogbo nǹkan hàn mí. Ó ní kí n má jágbe mọ́ ìkòkò náà nítorí ó ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan kó lè yé yín. Bí irinṣẹ́ bá ti wọ inú aṣọ tí a dì í sí, a kò lè fojú rí bóyá oru gbígbóná dé àárín. Ní Leeds, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe láràárọ̀ ni pé mo ń fi bébà ìdánwò kan sí àárín táwẹ́lì tí a dì papọ̀, mo ń sè é. Bí bébà bá yí àwọ̀ padà, oru ti dé inú. Ní ilé ìwòsàn yìí, bébà ìdánwò ti tán láti oṣù mẹ́jọ. Páálí bébà tí a kó wá láti Leeds ṣì wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Ohun tó kù ni téèpù tí a fi ń lẹ ìdì lẹ́yìn, tí ìlà ara rẹ̀ máa ń dúdú bí ó bá rí ooru. Mo bi Màmá Ràfí pé báwo ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí bébà ti tán. Ó ní àwọn ń fi ọgbọ́n sí i.

Ó yẹ kí n bi í pé ọgbọ́n wo. N kò bi í.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣí ìkòkò lójú mi, ó kó àwọn ìdì irinṣẹ́ jáde, lẹ́yìn náà ló mú ìdì táwẹ́lì àtijọ́ kan láti àárín wọn. Ó tú u, ìpele lórí ìpele. Ẹyin adìyẹ ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sídìí fèrèsé, ó bó o, ó wò ó yípo, orí rẹ̀ mì bí ẹni tí nǹkan tẹ́ lọ́rùn. Ó pín in sí méjì, ó jẹ ìdajì, ó fi ìdajì fún obìnrin tó ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

Mo mú ìwé kékeré mi, mo kọ ọ́: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, a se ẹyin pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ, a sì jẹ ẹ́. Mo ya ojú ìwé náà, mo fún Dókítà Adéwùmí ní ọ̀sán. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, n kò bá Màmá Ràfí níbẹ̀. Mátíróònù ilé ìwòsàn náà, obìnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè, sọ fún mi pé òun ti fún un ní kúẹ́rì, ìwé ìfẹ̀sùnkàn, òun sì ti ní kó lọ jókòó sílé. Ó bi mí bóyá n óò lè dá ìkòkò ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló sọ ìyókù. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá Ràfí ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kásúà, ẹni tí wọ́n lè sọ fún ní àárọ̀ pé kó má wá mọ́ ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí orúkọ àwọn kásúà tí wọ́n fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ gidi. Orúkọ rẹ̀ wà nínú wọn. Mátíróònù ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ se oúnjẹ, kí ni ènìyàn máa sọ?

Èmi nìkan

Mo to ìkòkò náà bí mo ṣe ń tò ó ní Leeds: pẹlẹbẹ, ó kún dé òkè. Aago mi wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo ìlà ara téèpù ti dúdú kirikiri. Wọ́n gbé ìdì kan lọ, wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún bàbá Gbàgyí kan, ọmọ onílẹ̀ Àbújá tó jẹ́ àgbẹ̀.

Lẹ́yìn agogo kan ọ̀sán, nọ́ọ̀sì tú ìdì kejì, ó gbé e padà wá fún mi. Mo fọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ inú rẹ̀ tutù rinrin. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Téèpù wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn nìkan ló sì lè jẹ́rìí sí. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè búra pé iná wà ní yàrá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri yàrá náà. Mo ṣí àpótí tábìlì, mò ń wá ohun tí èmi fúnra mi kò mọ̀. Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ Màmá Ràfí níbẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dúró ṣinṣin. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti se irinṣẹ́ láti oṣù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Ní iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn: "Ó pọ́n." Ní iwájú àwọn kan: "Ó funfun. Mo tún un sè." Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ló kọ ìlànà tirẹ̀ sí. Fi abẹ́rẹ́ lu ìdí ẹyin kó má bàa bẹ́. Fi táwẹ́lì wé e nípọn bí ìdì tó tóbi jù. Àárín ni kó wà. Bí ó bá funfun, kò tíì tó. Àfi kó pọ́n bíi tíì onímílíìkì.

Mo jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ gan-an. Ohun tí mo ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn. Táwẹ́lì ni táwẹ́lì, àárín ni àárín. Ẹyin ló wà níbi tí bébà yẹ kó wà, n kò sì dá a mọ̀.

Mo jáde lọ sẹ́nu géètì, mo ra ẹyin kan. Mo ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé, mo to ìkòkò bí mo ṣe tò ó ní àárọ̀, mo sè é. Nígbà tí mo bó ẹyin náà, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́. Funfun rẹ̀ ń fì, pupa rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ mi.

Mo lọ bá Dókítà Adéwùmí bẹ́ẹ̀, ẹyin ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé irinṣẹ́ tí a fi ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá yẹn kò jinná, èmi ni mo sè é. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dá iṣẹ́ abẹ ọjọ́ kejì dúró lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò fún bàbá, ó sì bá mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mátíróònù ló bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa. Bàbá tẹ́tí títí tó fi parí. "Kai," ó ní. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ìkòkò náà ti ń jinná báyìí. Mo ní kò tíì jinná. Ó ní kí n lọ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n sè wá.

Apo

Nínú abúlé mẹkáníìkì ní Apo ni ọkọ Màmá Ràfí ti ń ṣiṣẹ́, ilé wọn kò jìnnà síbẹ̀. Mo lọ ní Ọjọ́bọ̀. Irin ń dún lápá ọ̀tún, irin ń dún lápá òsì, ilẹ̀ dúdú kirikiri. Màmá Ràfí jókòó lábẹ́ ibòòji ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó rí mi láti òkèèrè. Kò dìde.

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Àǹtí UK," ó ní. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kì í jáde lára aṣọ."

Mo ní bí kò bá jáde, ó tọ́ sí mi.

Ohùn ọkọ rẹ̀ jáde láti abẹ́ mọ́tò. "Ìyá Ràfí, ṣé ẹni tó ní ò ń se oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn?"

"Òun ni."

"Bi í bóyá ó ti jẹun."

Wọ́n fún mi ní dùǹdú àti ata. Màmá Ràfí ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sí ẹyin nínú rẹ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, aṣọ tó tutù, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹyin tó ṣàn, bàbá onípá. Nígbà tí mo dé ibi ti bàbá, ó dá ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó bi mí bóyá ara bàbá gbóná. Mo ní kò gbóná. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó wá ṣàlàyé. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ìkòkò náà ti já tipẹ́, ọkọ rẹ̀ ló gé òmíràn níbí. Kò le tó ti àkọ́kọ́, oru ń sá díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà wọn kì í kó nǹkan sí i ju ìdajì lọ, wọn a sì gbé ìdì dúró ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ bí ìwé lórí pẹpẹ, kí oru lè gba àárín wọn kọjá. Ó ní ìkòkò tiwa ní òkè òkun kò tíì rẹ̀, ìkòkò tàwọn ti rẹ̀, a kì í di ẹrù ọ̀dọ́ lé àgbàlagbà lórí.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ẹ kò bi mí." Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Ẹ wo ẹyin, ẹ wò mí, ẹ mú bírò, ẹ ń kọ ọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹ ń kọ ọ́ lọ kọ́ àwọn ará ọ̀hún."

Irin ń dún. Mo ti ń ronú lẹ́tà tí n óò kọ sí ìgbìmọ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mo ti ní ìpínrọ̀ mẹ́rin rẹ̀ lórí. Mo sọ fún un pé n óò kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

"Rárá o," Màmá Ràfí ní. "Ìwé lẹ fi gbé mi ṣubú. Ẹ má fi ìwé gbé mi dìde. Ẹ dúró níwájú wọn, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, kí wọ́n rí ojú yín."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kò tíì dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa rí, àní lọ́jọ́ tí ẹ fi mí ṣe akápò.

Ọjọ́ Ẹtì

Dókítà Adéwùmí kò fẹ́ kí n wọlé. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ fún òun, òun á fọgbọ́n sọ ọ́ létí alága; pé bí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n á ní àwọn tó ti òkè òkun wá tún ilé ṣe ló fẹ́ pa aláìsàn, wọn kò sì ní gba irú wa mọ́. Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo bẹ mátíróònù, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ènìyàn méje ló jókòó. Mo gbá ẹ̀yìn àga kan mú. Mo sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀lé ara rẹ̀: ohun tí mo rí, ohun tí mo kọ, ohun tí n kò béèrè, bí mo ṣe to ìkòkò, ẹni tí a fi irinṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo ní ẹyin kò lè jẹ́rìí tán bíi bébà; bí ó bá pọ́n, kò túmọ̀ sí pé gbogbo kòkòrò ti kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá funfun, ó dájú pé nǹkan kò jinná, láti oṣù mẹ́jọ sì ni obìnrin yìí ti ń gbọ́ tirẹ̀, tó ń tún un sè. Èmi ni mo ní téèpù lójú tí n kò rí nǹkan.

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyáàfin, ṣé ó yé yín pé ara yín lẹ ń fẹ̀sùn kàn?"

"Ó yé mi, sà."

Ó yíjú sí Dókítà Adéwùmí, ó bi í bóyá ó ní nǹkan láti sọ. Ó ní òun gba ojú ìwé kan lọ́wọ́ mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà kò béèrè, òun fi ránṣẹ́ sí mátíróònù. Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bu ọlá fún un láti ìgbà náà ju bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n ní kí Màmá Ràfí padà sídìí ìkòkò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kúẹ́rì ti wọ fáìlì, fáìlì sì gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó jáde. Ìjókòó mìíràn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo kà á lórí ìka mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí mo dé. Bàálù wa máa gbéra ní ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Lábẹ́ Màmá Ràfí

Ó gbà mí sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni gba ọmọ iṣẹ́ tuntun. Bí mo bá to ìdì kan pẹlẹbẹ, á fi ìka méjì gbé e dúró láìsọ̀rọ̀. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, á ní, "Àǹtí UK, ẹ wá jẹ ẹ̀rí." Obìnrin tó ń gbálẹ̀ á ti na ọwọ́ tirẹ̀.

Láràárọ̀ ni mo ń lọ wo ojú ọgbẹ́ bàbá Gbàgyí. Mo ti mọ ojú ọgbẹ́ yẹn ju ojú ara mi lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ti gbẹ, wọ́n yọ okùn rẹ̀, bàbá dìde, ó di aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Ó gba ẹnu mátíróònù bi mí bóyá n óò wá jẹ iṣu tuntun lóko òun bí àkókò bá tó. Mo ní n óò ti lọ. Ó ní gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Páálí bébà ìdánwò dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo fi bí a ti ń lò ó han Màmá Ràfí, kò gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó fi bébà sí àárín táwẹ́lì, ó sì tún fi ẹyin tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní bébà ti dé, kí ni ẹyin tún ń wá?

"Bébà yín á tán," ó ní. "Adìyẹ Apo kò ní tán."

Nígbà tí ọjọ́ kẹtàdínlógún pé, mo bá àwọn mẹ́wàá yòókù dé ẹnu ọkọ̀, mo dì mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì padà wọlé. Ọ̀gá mi ní Leeds ti gbà fún mi lórí fóònù kí n dúró di ọjọ́ ìjókòó náà, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú. Ìyá onílé ní Durumi wò mí, ó ní kí n wá bá òun bó ẹ̀gúsí. Ọjọ́ mọ́kànlá tó kù kò rọrùn. Bí mo bá ti kúrò nídìí ìkòkò, n kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ sí. Mo bó ẹ̀gúsí, mo rìn títí dé ìkángun àdúgbò, mo padà, mo tún lọ. Ìyá ọlọ́sàn ní ìrìn mi ti ń dára, ó ku ojú.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí à ń wí, Màmá Ràfí kò lọ dúró ní kọ́rídọ̀ bíi ti àwọn kásúà yòókù. Ó ní ìkòkò wà lórí iná. Èmi ni mo lọ dúró. Nígbà tí mátíróònù jáde, kò wo ibòmíràn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ó fi ìwé ìgbìmọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ fún un, nítorí ọwọ́ mi ni ti àkọ́kọ́ ti jáde. Òṣìṣẹ́ gidi, ọ̀gá yàrá ìsèrinṣẹ́. Màmá Ràfí kà á lẹ́ẹ̀mejì nídìí fèrèsé, ó ká a, ó fi sínú híjáàbù rẹ̀. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn títí ìkòkò fi jinná.

Ìwé kan wà tí ilé iṣẹ́ mi fún mi kí ọ̀gá tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní ilé fọwọ́ sí. Àyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ohun tí ọ̀gá náà bá rí nípa mi. Mátíróònù ti fẹ́ bá mi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo ní kó jẹ́ kó dúró ná. Mo gbé e fún Màmá Ràfí ní ọjọ́ yẹn. Ó bi mí bóyá ó di dandan kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní wọn kò kọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dúró ṣinṣin: "Ó máa ń kọ̀wé kó tó béèrè. Ó gba ìbáwí. Ó lè padà wá."

Mo fi jíṣẹ́ ní Leeds. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. N kò fo gbólóhùn àkọ́kọ́.